Okùn Oníkókó Méjì: Ìyá Oníkọ́mú Ń Dá Yín Lóhùn

*Ìyá Oníkọ́mú, ẹ kú ọjà o. Ẹni ọdún 58 ni mí, awakọ̀ dáńfó, ọ̀nà Ìkòròdú sí Mile 12 ni mo ń ná. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n fún mi ní oògùn kan torí ọkàn mi àti ẹsẹ̀ mi tó ń wú. Spironolactone lorúkọ rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ọmú mi méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bíi ti ọmọge. Dókítà ní oògùn yẹn ló fà á, ó sì ti pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọmú ò wálẹ̀. Bí mọ́tò bá ti kó sí kòtò, ṣe ló máa ń dùn mí dé ẹ̀yìn. Mo fi báńdéèjì dì í, àfi kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó mi ní kí n lọ ra kọ́mú. Mo dé Sábó lẹ́ẹ̀mejì, ojú tì mí, mo padà. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi téèpù yí mi láyà láàárín ọjà? Ṣé kì í sì í ṣe èèwọ̀ fún ọkùnrin?*

*Bàbá Onímọ́tò, Ìkòròdú*

Bàbá Onímọ́tò, ẹ kú ewu ọ̀nà. Sábó tí ẹ dé tí ẹ padà yẹn, bóyá iwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi gan-an lẹ ti padà, torí mo mọ ìrìn yẹn dáadáa. Ọkùnrin á ń bọ̀, á gbójú sókè wo àwọn kọ́mú tí mo fi kọ́ bí ẹni tó ń wo aago ara ògiri, á kọjá. Kò ní pẹ́, á tún gba ibẹ̀ padà. Tí mo bá ti rí i lẹ́ẹ̀kejì, ṣe ni mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i, mo á máa ká pátá ọmọdé, kó lè ráyè fọwọ́ kan ọjà.

Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kọ́mú fún ọkùnrin ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa yanrìn ní apá Májídùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ní ìyàwó òun ló rán òun. Mo bi í pé báwo ni ìyàwó náà ṣe sanra tó. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé àyà ara rẹ̀ kó tó rántí pé ìyàwó là ń sọ. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mo wo bí igẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀, mo sì gbé 44D fún un, èyí tó ní wáyà lábẹ́ àti fóòmù níwájú. Mo rò pé mo ṣe é lóore.

Lọ́jọ́ kẹrin ló padà wá. Ó gbé apá sókè, wáyà ti bó o lábẹ́ abíyá, ojú egbò náà pọ́n bí ata ṣọ̀mbọ̀. Ó wá fi ìka tẹ fóòmù iwájú, ó wọlé pẹ̀kẹ́ bí agolo òfìfo, torí kò sí ohun tó kún inú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ń yọ ṣóńṣó jáde nínú ẹ̀wù mi ju ìgbà tí mi ò wọ nǹkan kan lọ." Mo dá owó rẹ̀ padà. Mo ti ta kọ́mú fún nǹkan bí ogún ọdún nígbà yẹn, mi ò sì rò ó rí pé igẹ̀ ọkùnrin ò rí bíi ti obìnrin.

Nígbà tó tún máa yọjú, okùn kan ló fà jáde nínú àpò ṣòkòtò, irú èyí tí kì í fà, ó ti so kókó méjì sí i. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Ó ní láti orí okùn dé kókó àkọ́kọ́ ni abẹ́ ọmú òun yíká, láti orí náà dé kókó kejì ni ibi tí orí ọmú wà. Mo tẹ́ okùn sórí káńtà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: 42 ínṣì, 44 ínṣì. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ọkùnrin tójú ń tì ni pé kí wọ́n lọ so kókó wá.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ mí síta, ẹ fi okùn yí abẹ́ ọmú ká níbi tó ti ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ara, kó lẹ̀ mọ́ yín dáadáa, kí ìyàwó yín bá yín wò ó pé kò wọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ so kókó. Ẹ tún gbé e gba orí ọmú, ibí yìí ẹ má fà á, ẹ jẹ́ kó sùn jẹ́jẹ́ sára. Ẹ so kókó kejì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà kọ́mú yín. Bó bá bọ́ sí 41, ẹ mú 42, torí 38, 40, 42 ni kọ́mú ń tò lọ, kò sí èyí tó wà láàárín. Iye ínṣì tí kókó kejì fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ló máa fún yín ní lẹ́tà: ínṣì kan, A, méjì, B, mẹ́ta, C, mẹ́rin, D. Ẹ rí i pé 42B ni oníyanrìn mi, èmi sì ti gbé 44D lé e lọ́wọ́!

Wàyí o, kí ẹ má lọ rò pé 42B kún ọjà. Bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi ni lẹ́tà náà ń tóbi tẹ̀ lé e lọ́jà wa, torí obìnrin tó sanra ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rán an. Ọgbọ́n tí mo ń dá sí i rèé. Ibi tí ọmú ń wọ̀ lára 42B àti lára 40C, ohun kan náà ni wọ́n gbà. Ìgbànú ẹ̀yìn nìkan ni ti 40 fi kúrú. Torí náà mo máa ń ta 40C pẹ̀lú àfikún ìkọ́, aṣọ pélébé kan báyìí tó ní ìkọ́ ní etí kan àti ojú ìkọ́ ní etí kejì, tí wọ́n ń fi mú ẹ̀yìn kọ́mú gùn. Bí oníkọ́mú ò bá ní in, aránṣọ yín á rán an kí ẹ tó mu ẹ̀kọ kan tán.

Ẹ má ra oníwáyà. Ọmú ọkùnrin jìnnà síra, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, igẹ̀ sì fẹ̀. Wáyà tí wọ́n tẹ̀ fún ọmú obìnrin, orí ẹran ló máa gúnlẹ̀ sí lára yín. Ẹ má ra onífóòmù, ẹ ti gbọ́ ti agolo òfìfo. Èyí tó jẹ́ aṣọ lásán, tó rọ̀, tí ìgbànú abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ìka mẹ́ta, tí okùn èjìká rẹ̀ náà sì fẹ̀, ni kí ẹ wá. Fún onímọ́tò bíi tiyín, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń sáré ìdárayá dáa gan-an, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọmú má fò sókè sódò. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó ní ìkọ́ tàbí sípù níwájú. Mo ti rí ọkùnrin kan tó há sínú èyí tí wọ́n ń bọ̀ látorí. Apá méjèèjì wà lókè, ojú ò ríran, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ látinú yàrá.

Nǹkan kan wà tí àwọn obìnrin pàápàá ò mọ̀, ká má tí ì sọ ti ọkùnrin: okùn èjìká kọ́ ló ń gbé ọmú. Ìgbànú abẹ́ ló ń gbé e. Bí ẹ bá ń fa okùn èjìká títí tó fi ń ge yín lára, ìgbànú abẹ́ ló ti tóbi jù. Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó bí ẹni wà nínú mọ́tò, ẹ na ọwọ́ sí sítíárìn, ẹ wá yíra padà wo ẹ̀yìn bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi rífáàsì kúrò ní gáréèjì. Bí ìgbànú bá gun ẹ̀yìn lọ sókè, ẹ mú nọ́ńbà tó kéré sí i. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìka kan péré bá ń jà kó tó wọlé, ó ti fún jù. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ìkọ́ ìpẹ̀kun, èyí tó dẹ̀ jù, ni kó ti bá yín mu. Rọ́bà á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin náà á máa sún ìkọ́ wọnú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ òkìríkà fún yín, torí rọ́bà ẹlòmíì ti kú kó tó dé ọwọ́ yín.

Méjì ni kí ẹ rà, kí ọ̀kan máa gbẹ kí ọ̀kan wà lára. Òógùn inú mọ́tò kì í ṣe kékeré. Kí ẹ nu abẹ́ ọmú gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀ ilẹ̀ tó sún mọ́ ti ara yín, kí ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì lé e. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré mú funfun torí pé ẹ̀wù wọn funfun. Funfun gan-an ló máa ń hàn jù lábẹ́ funfun.

Báńdéèjì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tú u. Ó ń fún egungun ìhà pa ni, ìyẹn ni èémí yín ṣe ń kúrú, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ní wàhálà tẹ́lẹ̀ sì nìyí.

Èèwọ̀? Èmi kì í ṣe pásítọ̀, n kì í ṣe ààfáà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ń de bẹ́líìtì ẹ̀yìn lọ sí ibi iṣẹ́, a ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ọ̀ṣọ́.

Dókítà yín ti sọ ohun tó fà á, inú mi dùn. Gynaecomastia ni wọ́n ń pe kí ọmú ọkùnrin máa yọ báyìí. Gbogbo ọkùnrin ló ní díẹ̀ nínú hòmóònù obìnrin lára. Spironolactone máa ń dí hòmóònù ọkùnrin lọ́wọ́, èyí tó kù á wá rọ́nà mú ẹran ọmú dàgbà. Àwọn oògùn mìíràn náà ń ṣe é, bíi cimetidine fún inú àti ketoconazole. Ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin ń gún láti fi yọ igẹ̀ ní jíìmù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó sì ń lo oògùn, kó má fúnra rẹ̀ dá a dúró o, kó lọ bá ẹni tó kọ ọ́ fún un. Tiyín ti lé ní ọdún kan. Irú rẹ̀ máa ń yi, oògùn kì í sábà mú un wálẹ̀ mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ẹ béèrè nílé ìwòsàn ìjọba, wọ́n lè ní kí ẹ lọ rí oníṣẹ́ abẹ ní Ìkẹjà. Títí dìgbà náà, kọ́mú.

Ó ku ẹyọ kan tí mi ò ní fi ṣeré. Nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ọkùnrin máa ń tó ọ̀kan. Bí ẹ bá fọwọ́ kan kókó líle ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bí orí ọmú bá wọnú, bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, tàbí bí awọ ibẹ̀ bá hunjọ, ẹ páàkì mọ́tò, ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn.

*Ìyá, ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 14 ti yọ ọmú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní "Àǹtí". Ìyá ọkọ mi ní ká máa fi omi gbígbóná fún un kó lè sọ̀. Ṣé kí n ra kọ́mú fún un?*

*Màmá Táyé, Ìjẹ̀dẹ́*

Màmá Táyé, ẹ bá mi bẹ ìyá pé kí wọ́n gbé omi kalẹ̀. Irú fífún yẹn náà ni wọ́n ń fún ìkókó tí ọmú rẹ̀ le, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé tí ọmú ọmọ fi ń dikun. Ó ju ìlàjì àwọn ọmọkùnrin lọ tí ọmú wọn máa ń yọ díẹ̀ nígbà ìbàlágà, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó nípọn tó sì mọ́ra ti tó o, ẹ ra mẹ́ta. Àmọ́ bó bá ń dàgbà kíákíá, tàbí tí kókó kan wà lára kórópọ̀n rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Bàbá rẹ̀ ni kó bi í léèrè èyí, kì í ṣe ẹ̀yin.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé mo lè máa wọ ti ìyàwó mi ná, kí n tó rówó ra tèmi?*

*Ọ̀gbẹ́ni tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun, Ìpakòdó*

Rárá, sà. Igẹ̀ yín á fa rọ́bà rẹ̀ ya. Kí ẹ sì dá èyí tí ẹ ti mú padà sínú dúrọ́ọ̀ kó tó wá bi mí bóyá ṣọ́ọ̀bù mi ló gbàgbé ẹ sí.