Ṣé Mekelle Ni Kí N Dé Sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 61 ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó wù mí kí n fojú ara mi rí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní Tigray, nílẹ̀ Etiópíà. Wọ́n ní Mekelle, olú ìlú Tigray, ni kí n dé sí. Ọjọ́ mélòó ló máa tó mi? Orúnkún mi ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá. (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Màmá, inú mi dùn sí lẹ́tà yín gan-an. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ààbò. Ogun jà ní Tigray láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Pretoria lóṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọdún 2019 lèmi lọ, kógun tó dé. Nítorí náà, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé Mekelle bí ọ̀nà ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kò fara rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.

Bí ọ̀nà bá dáa, Mekelle náà ni kẹ́ ẹ dé sí. Ìlú náà fi ohun tó lé ní mítà 2,000 ga ju ojú òkun lọ, èémí yín á kọ́kọ́ máa gé. Ẹ sinmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ rọra rìn lọ wo ààfin Ọba Yohannes Kẹrin. Ẹ mú súwẹ́tà dání nítorí alẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà lóòjọ́, ilẹ̀kùn títì ló máa bá. Ọwọ́ àlùfáà ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, àlùfáà sì lè wà lóko. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Abreha we Atsbeha, a jókòó sábẹ́ igi fún bíi wákàtí kan kí ọmọkùnrin kan tó lọ pe bàbá náà wá. Erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bomi ṣan ọwọ́ àtẹsẹ̀, ó fẹnu ko àgbélébùú ọwọ́ rẹ̀, kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Nígbà tá a wọlé, mo fọwọ́ pa òpó kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mò ń wá ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ àjà. Kò sí. Òpó, àjà, ilẹ̀, òkúta kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ní ti orúnkún, ẹ má dán ṣọ́ọ̀ṣì Abuna Yemata Guh wò, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ wù yín tó. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gun àpáta tó dúró ṣánṣán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún fẹ̀gbẹ́ rìn létí ọ̀gbun. Ìdajì ọ̀nà ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àtẹ̀gùn díẹ̀ lẹ máa gùn ní Abreha we Atsbeha. Ti Cherkos sì wà nínú ìlú Wukro gan-an, bíi kìlómítà 45 sí Mekelle. Bí Mùsùlùmí bá wà lára àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ, ìlú Negash kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ní àwọn tó sá kúrò ní Mẹ́kà nígbà ayé Ànábì ti rí ààbò lọ́dọ̀ Najashi, ọba ilẹ̀ náà. Ogun ba mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ jẹ́, ó dùn mí wọra.

Ẹnu ọ̀nà lẹ máa bọ́ bàtà sí, bíi tàwọn ará Sẹ́lẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kòkòrò tó ń jẹni pọ̀ nínú kápẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ fi ìborùn funfun borí, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti owó wẹ́wẹ́ dání, ẹ má sì kọjá aṣọ ìkélé; àwọn àlùfáà nìkan ló ń dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago ló kù. Ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ ni àwọn ará Etiópíà ti ń ka wákàtí tiwọn. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní aago méjì, aago mẹ́jọ àárọ̀ wa ló ń wí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì láago méjì ọ̀sán, mò ń retí ẹni tó ti wá láàárọ̀, tó dúró títí, tó sì ti lọ. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi ṣòfò. Kẹ́ ẹ tó fi dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ lálẹ́, ẹ bi í: aago tiwa ni àbí aago tiyín?