Cleaved caspase-3 tí kò yọ: ẹ wá a nínú omi tẹ́ ẹ dà nù

Ohun tẹ́ ẹ béèrè nípa western blot yín (fífi áńtíbọ́dì wá púrótéènì kan lẹ́yìn jẹ́ẹ̀lì) ni pé HeLa, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú láàbù, gba staurosporine, oògùn tó ń mú sẹ́ẹ̀lì pa ara rẹ̀, 1 µM fún wákàtí 24, ó kú lójú kedere, áńtíbọ́dì mìíràn fi odidi caspase-3 (púrótéènì tó ń gé púrótéènì mìíràn nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pa ara rẹ̀) hàn ní 35 kDa (ìwọ̀n púrótéènì), àmọ́ áńtíbọ́dì cleaved caspase-3 (èyí tí wọ́n ti gé) ti Asp175 kò fi ohunkóhun hàn ní 17 tàbí 19. Ẹ wá fẹ́ ra òmíràn. Ẹ fọwọ́ mú owó yín ná.

Ẹyọ nǹkan kan ni áńtíbọ́dì yìí mọ̀: ojú ọgbẹ́ tó máa ń wà níbi Asp175, ìyẹn ámínò ásíìdì 175 nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé caspase-3. Bí wọn ò bá gé e, kò sí ojú ọgbẹ́, kò sì sí ohun tí áńtíbọ́dì máa rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó rí odidi 35 yẹn. Bí tiyín bá ń mú 35 jáde dáadáa, ẹ fura sí i. Ìlà 19 ni èyí tí wọ́n ti gé tí orí rẹ̀ kò tíì bọ́ tán. Bí orí bá bọ́, ó di 17. Ẹ lè rí méjèèjì, ẹ sì lè rí ọ̀kan.

Omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ni mo máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń kú kì í di abọ́ mú mọ́. Á ká róbótó, á léfòó. Bí ẹ bá fa omi yẹn dà nù, tẹ́ ẹ wá ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, àwọn alààyè lẹ gbé sórí jẹ́ẹ̀lì, òkú tẹ́ ẹ ń wá ti bómi lọ. Ẹ da omi náà sínú túùbù 15 ml. Ẹ fi PBS (omi iyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára) 2 ml ṣan abọ́, ẹ da ìyẹn náà sí i. Ẹ fi trypsin (ẹ́ńsáímù tó ń já sẹ́ẹ̀lì kúrò lára abọ́) tú àwọn tó kù, ẹ dà wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ fi centrifuge yí i ní 300 × g fún ìṣẹ́jú 5. Gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá silẹ̀ lẹ fẹ́. Ẹ fi PBS tútù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un yí, kẹ́ ẹ wá fi RIPA (omi ọṣẹ tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì) tó ní adènà protease (ẹ́ńsáímù tó ń jẹ púrótéènì) tú u: 100 µl tó fún ihò kan nínú abọ́ oníhò mẹ́fà. Ìṣẹ́jú 30 lórí yìnyín, lẹ́yìn náà 14,000 × g fún ìṣẹ́jú 15 ní 4°C. BCA ni kẹ́ ẹ fi wọn púrótéènì, torí ọṣẹ inú RIPA máa ń da Bradford, ọ̀nà ìwọ̀n kejì, rú.

Wákàtí 24 náà ti pọ̀ jù. Fún HeLa ní 1 µM, láàárín wákàtí 3 sí 6 ni ìlà náà sábà máa ń dán jù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ara sẹ́ẹ̀lì ti já, ohun inú rẹ̀ ti jò síta, púrótéènì sì ti ń jẹrà. Ẹ mú wákàtí 0, 2, 4, 6 àti 8. Ẹ ya abọ́ kan sọ́tọ̀ fún DMSO (omi tí wọ́n fi yọ́ staurosporine) nìkan, kó má ju 0.1% lọ, kẹ́ ẹ sì fún abọ́ mìíràn ní Z-VAD-FMK (oògùn tó ń dí caspase lọ́wọ́) 20 µM ní wákàtí kan ṣáájú staurosporine. Ìlà tí Z-VAD bá pa rẹ́ ni ojúlówó. Èyí tó bá dúró digbí níbẹ̀, ayédèrú ni.

Membrane, awọ fẹ́lẹ́ tí púrótéènì ń bọ́ sí láti inú jẹ́ẹ̀lì, wá ńkọ́? Púrótéènì 17 kDa kéré débi pé ó lè gba inú ihò 0.45 µm kọjá bí omi inú ajẹ̀rẹ̀. Membrane PVDF 0.2 µm ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rì í sínú methanol fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ gbé 30 µg sórí jẹ́ẹ̀lì 15%, ẹ má jẹ́ kí aró búlúù sá jáde nísàlẹ̀. Fún transfer sórí membrane, 100 V fún wákàtí kan nínú òtútù, methanol 20%, ẹ má fi SDS sí omi transfer. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ fi membrane kejì sẹ́yìn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì da Ponceau (aró pupa tó ń fi púrótéènì hàn) sórí méjèèjì. Bí àwọn ìlà ìsàlẹ̀ marker (púrótéènì tí ìwọ̀n wọn ti di mímọ̀) bá ti wà lórí èyí tó wà lẹ́yìn, ẹ ti mọ ibi tí ẹran yín gbà lọ. Ẹ dín àkókò kù.

Mílíìkì 5% dára fún blocking (bíbo ibi tó ṣófo lórí membrane), àmọ́ BSA (púrótéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù) 5% nínú TBST (omi iyọ̀ tó ní ọṣẹ díẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi po áńtíbọ́dì, 1:1000, ní 4°C mọ́jú. Ẹ má fi sodium azide sí ibi tí HRP (ẹ́ńsáímù tó ń mú ìlà hàn) máa dé, torí ó máa ń pa á. Bí glycerol 50% bá wà nínú ìgò náà, −20°C ni ilé rẹ̀, kì í ṣe −80. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, àpótí tí wọ́n to yìnyín sí nínú firísà máa ń gbà á là.

Kẹ́ ẹ tó gbé membrane sínú áńtíbọ́dì, ẹ gé e sí méjì ní nǹkan bíi 25 kDa. Ìsàlẹ̀ fún caspase-3, òkè fún PARP, púrótéènì tí caspase máa ń gé. PARP tí wọ́n bá gé máa ń já láti 116 sí 89, ìlà rẹ̀ sì rọrùn láti rí. Bí 89 bá yọ tí 17 kò yọ, sẹ́ẹ̀lì kú bó ṣe yẹ. Ìṣòro wà lápá ìsàlẹ̀.

Àfi MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, o. Ẹ má bá wọn ra áńtíbọ́dì yìí fún un rárá. Lẹ́tà 47 ló jábọ́ nínú exon 3 jíìnì CASP3 rẹ̀, kò ní caspase-3 kankan, síbẹ̀ ó ń gé PARP, torí caspase-7, ẹbí rẹ̀, wà níbẹ̀. Cleaved caspase-7 ni kẹ́ ẹ wá nínú tirẹ̀.

Láti dán áńtíbọ́dì náà wò, ẹ fi Jurkat, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí ẹ fún ní staurosporine 1 µM fún wákàtí 4 sí ihò kan nínú jẹ́ẹ̀lì. Jurkat ń léfòó látilẹ̀wá, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa dà nù níbẹ̀. Bí òun náà kò bá fi 17 hàn lẹ́yìn gbogbo èyí, tí PARP rẹ̀ sì ti já sí 89, ìgbà yẹn lẹ tó lè kọ̀wé sí ẹni tó ta áńtíbọ́dì náà, kẹ́ ẹ fi àwòrán membrane méjèèjì ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè fún lot (ìdì tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀) mìíràn.