Kàríbù tí ọmọ aládùúgbò Nàsárà fi ìbọn pa: ṣé òkúǹbete ni?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùmù, Àáfáà wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Inuvik, ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún. Nígbà tí odò bá ń di yìnyín, àti nígbà tí yìnyín náà bá ń yọ́, ọ̀nà mọ́tò máa ń dí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọkọ̀ òfuurufú nìkan ló ń gbé oúnjẹ wọlé nígbà náà, ọjà á wọ́n, ẹran hàlálì ò sì ní sí rárá. Ìyá àgbà kan tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa máa ń bù fún wa nínú kàríbù, ẹran ìgbẹ́ tó dà bí àgbọ̀nrín, tí ọmọ rẹ̀ yìnbọn pa. Nígbà mìíràn, awọ àti ọ̀rá àbùùbùtán tí wọ́n ń pè ní muktuk ló máa gbé wá. Mo máa ń ṣe Bísímílà kí n tó jẹ ẹ́. Ní báyìí, ohùn kan ń kiri lórí WhatsApp àwa Mùsùlùmí Yorùbá tó wà ní Kánádà pé òkúǹbete ni, ìyẹn ẹran tó kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bí ẹ̀sìn ṣe ní kí wọ́n pa á, pé Ọlọ́hun ò ní gba ìrun ogójì ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Ọkọ mi ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú fìrísà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa àlékùmù sàlámù, arábìnrin mi. Ẹ kú òtútù o. Ẹ sọ fún bàbá ilé pé kí wọ́n dá ẹran padà sínú fìrísà ná. Bó bá sì jẹ́ ìta ni wọ́n kó o sí, ìta yín náà fìrísà ni.

Ogójì yẹn, inú hàdíìsì ẹni tó lọ bá aláyẹ̀wò àti ti ẹni tó mu ọtí la ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí ẹran ẹlẹ́ran. Ìrun yín, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Ẹran tí àwọn tí a fún ní Tírà, ìyẹn Yẹhúdì àti Nàsárà, bá dúńbú kò ní ìjà nínú. Āyà 5 nínú Súratul-Máídà ti parí ẹ̀: oúnjẹ wọn tọ́ fún wa. Àmọ́ kàríbù kì í dúró kí ẹnikẹ́ni dúńbú òun. Ọdẹ ni wọ́n fi ń pa á, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Màlíkì ni àwa ní ilẹ̀ Yorùbá, mazhab (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) ti Imaamu Malik là ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ tí àwọn bàbá wa ti ń ka Rísálà, ìwé òfin mazhab náà, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ Imaamu wa pamọ́ torí pé mo fẹ́ kí ẹ jẹun. Imaamu Malik ya ọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára dídúńbú. Ó ka āyà 94 nínú Súrà kan náà, níbi tí Ọlọ́hun ti ń bá àwọn onígbàgbọ́ òdodo sọ̀rọ̀ nípa ẹran ìgbẹ́ tí ọwọ́ wọn àti ọ̀kọ̀ wọn máa tó. Ó ní Ọlọ́hun ò dárúkọ Yẹhúdì tàbí Nàsárà níbẹ̀, nítorí náà a ò gbọdọ̀ jẹ ohun tí wọ́n bá dọdẹ. Èyí ló gbajúmọ̀ jù nínú mazhab wa. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp yẹn ò purọ́ mọ́ Imaamu. Ojú ewé kan ló kà, ló bá pa ìwé dé.

Ká ní ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni, ì bá rí Ibn Wahb àti Ashhab. Ọmọ iléèwé Imaamu Malik fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì, wọ́n jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹran tí Nàsárà dọdẹ kò yàtọ̀ sí èyí tó dúńbú. Ibẹ̀ náà ni Abu Hanifa, Shafi'i àti Ahmad, àwọn Imaamu mazhab mẹ́ta yòókù, wà. Ẹ̀rí wọn ni pé “oúnjẹ” ni Ọlọ́hun sọ nínú āyà 5, kò yọ ẹran ìgbẹ́ kúrò. Ṣé ajẹ-òkúǹbete wá ni Ashhab? Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà onímọ̀ bá yapa lórí rẹ̀, a kì í fi í ba ìkòkò ọbẹ̀ aláboyún àti ọmọdé jẹ́. Fún ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ọ̀rọ̀ Ashhab ni mo mú.

Ìbọn ńkọ́? Adiyy ọmọ Hatim bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nípa igi tí wọ́n fi ń sọ ẹran. Ó ní èyí tí ojú mímú rẹ̀ bá gún, kí ó jẹ ẹ́. Èyí tó bá fi ìbú lù pa, kí ó má jẹ ẹ́. Ọta ìbọn òde òní ń gún, ó ń ya ara, ó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Màlíkì ìlú Fàs ní Mòrókò ti gbà á láti ayé ìbọn àtijọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń pariwo yìí, bí wọ́n bá wálé fún Iléyá, tí wọ́n rí ẹni tó gbé ọ̀yà sókè létí títì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á ná an, wọ́n á sanwó. Wọn ò ní bèèrè pé ta ló pa á, ṣé Mùsùlùmí ni, ṣé ó ṣe Bísímílà, ṣé inú tàkúté ló kú sí láti àná. Ọ̀yà di hàlálì létí títì, kàríbù di òkúǹbete ní Inuvik!

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kò sí ohun tí Bísímílà ò lè fọ̀, ẹ̀yin náà ẹ rọra. Hàdíìsì ìyá wa Aishatu tí ẹ ń gbé kiri, níbi tí Ànábì ti ní kí wọ́n ṣe Bísímílà kí wọ́n sì jẹ ẹ́, ẹran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ni wọ́n bèèrè. Iyèméjì ni Bísímílà yẹn ń ká kúrò, kì í sọ ẹran tó dá kú di hàlálì.

Arábìnrin mi, ẹ̀yin mọ̀ pé onígbàgbọ́ Nàsárà ni ilé náà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má lọ máa wádìí bí ọlọ́pàá. Bí ọkàn bàbá ilé ò bá balẹ̀, tí wọ́n fẹ́ dúró lórí ohun tó gbajúmọ̀ nínú mazhab, kò burú, kí wọ́n máa jẹ ẹja odò Mackenzie. Kí wọ́n má kàn fi ìṣọ́ra tiwọn há gbogbo ilé lọ́rùn.

Muktuk rọrùn. Ẹran omi ni, āyà 96 ti ṣe é ní hàlálì, kò sì sí ẹni tí mazhab wa ń bèèrè pé ta ló pa á. Àwọn sàábé 300 tí Abu Ubayda kó lọ sójú ogun jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ tí òkun gbé síta. Àbùùbùtán lóòótọ́, torí wọ́n bù ú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì ṣẹ́ kù tí wọ́n fi gbé e dé Mọdínà, tí Ànábì fi jẹ níbẹ̀.

Mọ́sálásí yín, tí wọ́n kọ́ ní Winnipeg, tí wọ́n fi tírélà àti ọkọ̀ ojú omi wọ́ ní nǹkan bí 4,000 kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ní ọdún 2010, ń pín oúnjẹ fún aláìní tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Wọ́n gba tiwa. Ẹ gba ti ìyá àgbà, ẹ sì má dá abọ́ wọn padà lófìfo.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.