Ẹ Bi Wá: December ti lọ, ìnáwó ẹ̀ ò bá a lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Abẹ́òkúta la wà, tíṣà ni ọkọ mi, èmi ń ránṣọ, ọmọ mẹ́ta la bí. Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá obìnrin tó mọ owó ṣọ́ ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n máa nàka sí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ ọjà, mo ní ìwé tí mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, kódà iyọ̀ mo máa ń kọ ọ́. Ìgbà tí àbúrò mi ṣègbéyàwó ní November ni nǹkan dojú rú, aṣọ ẹbí, gèlè, owó tí wọ́n dá lé wa lórí, bá a ṣe ń mí kanlẹ̀ ni Kérésì dé, a lọ sí ìlú àwọn ọkọ mi ní Iléṣà, ẹ sáà mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá dé ìlú ọkọ. Mo ti kó èésú mi, kọ́pọ́ ń yọ owó lára owó oṣù ọkọ mi, mo tún wá lọ yá ₦60,000 lórí ápù kan láìsọ fún un. Ní báyìí àwọn ọmọ ò fẹ́ mu omi lásán mọ́, Mọ́ọ̀tì ni wọ́n ń béèrè, èmi gan-an ò lè ṣí ìwé yẹn mọ́, mo bá ṣáà ti fọwọ́ kan fóònù báyìí, owó ti lọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Ìyá Mẹ́ta, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá Mẹ́ta, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ká tó bá yín wí rárá, January fúnra ẹ̀ jẹ̀bi tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló máa ń sanwó December kí Kérésì tó dé, tí wọ́n bá san án lọ́jọ́ 20, tó wá di ọjọ́ 30 January kí òmíì tó wọlé, ọjọ́ 41 nìyẹn lórí owó oṣù kan ṣoṣo, inú ẹ̀ náà lowó iléèwé ti máa jáde. Torí náà ẹ má jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa pe ara yín ní àpà. Obìnrin tó ń kọ owó iyọ̀ sínú ìwé ò lè di àpà láàárín oṣù méjì.

Ohun témi rí nínú lẹ́tà yín ni pé ìgbéyàwó yẹn kọ́ ló ń dà yín láàmú mọ́. Ìgbéyàwó ti parí, wọ́n ti jó, wọ́n ti kó kúlà kúrò lórí tábìlì. Àwọn nǹkan kéékèèké tó bá yín wálé látibẹ̀ tó sì kọ̀ tí ò lọ ló kù: Mọ́ọ̀tì, kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ́ ẹ wá ń wọ̀ dé ibi tẹ́ ẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn dé tẹ́lẹ̀, dátà tí ò kí í tó mọ́, ₦1,500 síbí, ₦2,000 sọ́hùn-ún. Èèyàn lè ṣe ìnáwó ńlá kan kó sì bọ́ níbẹ̀, èyí tó bá di bárakú lójoojúmọ́ ló ń tú ilé.

Ṣùgbọ́n gbèsè la ó kọ́kọ́ mójú tó, ti ápù yẹn sì ni àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún baálé yín lónìí, kó tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa pè é láti sọ fún un, torí àwọn kan nínú àwọn oníyáwó orí fóònù yìí, tọ́jọ́ bá ti pé, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín ni wọ́n máa ń tẹ̀, dórí ìyá ọkọ. Àjọ FCCPC tó ń jà fún oníbàárà ti ń ṣòfin fún wọn láti 2022, ẹ lè fẹjọ́ wọn sùn níbẹ̀ tí wọ́n bá dójú tì yín, àmọ́ ẹ̀sùn ò ní kí gbèsè má jẹ́ gbèsè. Ẹ ṣí ápù yẹn, ẹ wo iye tó ti dà báyìí pẹ̀lú èlé, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ gbà. Tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ san èyí tó pọ̀ jù lọ tápá yín ká lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá ti ápù kejì fi san ti àkọ́kọ́. Tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá wà tó lè yá yín láìlélé, ẹ gbé ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ fi pa ti ápù rẹ́.

Èésú tẹ́ ẹ ti kó náà, owó àwọn ẹgbẹ́ yín ló wà lọ́rùn yín báyìí, ẹ má jẹ́ kó yẹ̀ lọ́sẹ̀ kankan, torí ọjọ́ tí wọn ò bá gbà yín síbẹ̀ mọ́ lẹ ó mọ iye tó jẹ́ fún yín. Ti kọ́pọ́ ò le, wọ́n ti ń yọ ọ́ kówó tó dọ́wọ́, ẹ má ṣáà gba òmíì lé e.

Ẹ sì ti gbàgbé owó kan. Télọ̀ ni yín! Kò sí télọ̀ tí ò ní gbèsè December níta, àwọn tó ní “màá fowó ránṣẹ́ tá a bá ti ode dé”. Ẹ kọ orúkọ wọn jáde, ẹ máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín o, àmọ́ ẹ pè. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ò bá san ìdajì, ẹ má gé aṣọ ẹ̀.

Ní ti ìwé yẹn, ẹ fi sílẹ̀ ná. Báńkì ti bá yín kọ ọ́. Ẹ gba stétímẹ́ǹtì December àti January lórí fóònù, ẹ̀yin àti ọkọ yín kẹ́ ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan táwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ fi bírò fa ìlà sí gbogbo owó tí kò sí èyí tó rántí nǹkan tẹ́ ẹ fi ṣe nínú ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ yín náà máa ní tiẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó rí i. Àwọn tẹ́ ẹ fàlà sí yẹn gan-an lẹ máa kọ́kọ́ gé, kò sì ní dùn yín, ẹ ò kúkú rántí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ní káàṣì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀sẹ̀ ò bá tíì parí tó sì tán, gàrí wà. Owó tá a bá fojú rí máa ń ṣòroó ná ju èyí tó wà lórí fóònù lọ. ATM báńkì yín ni kẹ́ ẹ ti gbà á, torí láti March 2025, ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí ₦20,000 tẹ́ ẹ bá lo ti báńkì míì, tó bá tún jẹ́ ATM tí ò sí ní ọgbà báńkì ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tiẹ̀ tíì sọ ti àwọn oní-POS tó jẹ́ pé iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ má lọ ọjà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo inú kíṣìnnì yín dáadáa, ilé tó bá ṣe Kérésì ò lè ṣaláìní ìrẹsì tó kù nísàlẹ̀ àpò, tòmátò alágolo, òróró nínú kẹ́ẹ̀gì, èlùbọ́ tí ìyá ọkọ dì fún yín nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀. Ẹ jẹ ìyẹn tán ná, ata àti ẹ̀fọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa rà tì í. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ padà sọ́jà, ẹ má padà sí ríra ata ₦500 lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an làkókò tó dáa jù, torí àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya tó ń bomi rin oko wọn ń kórè tòmátò àti ata láti January títí di nǹkan bíi March, Mile 12 àti Bódìjà á kún, tó bá di June, July, ẹ ó fojú wá a tì. Kí obìnrin mẹ́ta mẹ́rin dáwó ra apẹ̀rẹ̀ kan, ẹ pín in, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi ẹ̀ á fi fà tán pátápátá, ẹ da òróró lé e lórí. Tí ò bá síná tí fìríìjì ò ṣiṣẹ́, ẹ máa gbé e kaná lójoojúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀wà, owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa owó ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ pín àpò kan. Kóńgò tiyín ni kẹ́ ẹ mú lọ o! Kóńgò wà lọ́jà tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú, èèyàn á rò pé kóńgò mẹ́wàá lòun rà, tó bá délé tó wọ̀n ọ́n ni ojú á là. Ẹ sá ẹ̀wà yẹn sóòrùn, ẹ da ata gbígbẹ sí i, ẹ dé e pa nínú ike. Ẹ má fi òtapiápiá sí i rárá, NAFDAC ti pariwo ìyẹn tó.

Iná náà: áyọ́ọ̀nù tó bá ń fa 1,000 wáàtì, wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ti lọ, àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù lọ, sì ń san ju ₦200 lọ lórí yúníìtì kan láti April 2024. Ẹ kó aṣọ oníbàárà jọ, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tàwọn ọmọ, ẹ má fìbínú gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì, wọ́n á kàn máa lọ tọrọ lọ́wọ́ bàbá wọn ni. Ẹ gbé Mọ́ọ̀tì sí ọjọ́ Sunday tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ se zóbò sílé, ewé zóbò ò wọ́n. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ẹ mú un lọ ọjà kó rí bẹ́ ẹ ṣe ń nájà.

Ìbéèrè: Àǹtí, ìyàwó mi ní ká yéé kún sílíńdà 12.5 kílò lẹ́ẹ̀kan náà, pé ká máa ra kílò méjì méjì kówó lè gbọ́rọ̀. Ṣé òótọ́ ni? – Bọ̀ọ̀dá Oníwáyà, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ibi tẹ́ ẹ ti ń rà á ló ṣe pàtàkì. Ní ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì gangan, iye kan náà ni wọ́n ń ta kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ báà ra ẹyọ kan, ẹ̀ báà ra méjìlá, àmọ́ ẹni tó ń ta á lójú pópó máa ń lé tiẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ra méjì méjì lọ́wọ́ ẹ̀ títí oṣù fi parí, ẹ ti sanwó kílò míì tẹ́ ẹ ò rí sè. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́, ẹ sì wo ara sílíńdà yín, wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ nígbà tó ṣófo síbẹ̀, iye tí ìwọ̀n bá fi lé lórí ìyẹn ni gáàsì tẹ́ ẹ rà. Ohun tí màá bá ìyàwó yín gbè lé ni pé téèyàn bá kún un, kì í ṣọ́ gáàsì lò mọ́. Ẹ ní kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kó sì sè é fún ìgbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ń ṣègbéyàwó ní April, aṣọ ẹbí ₦85,000, kò tíì kan gèlè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san rẹ́ǹtì tán. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un tí ò fi ní bínú? – Ọ̀rẹ́ Ìyàwó, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yìí, kó tó gé aṣọ yín mọ́ ti àwọn ìyókù. Èyí tó máa ń dun ìyàwó ni kéèyàn ní òun ń bọ̀ wá san títí aṣọ á fi wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé rẹ́ǹtì ti kó owó yín lọ, pé ẹ ò ní lè mú aṣọ, pé ẹ máa wọ àwọ̀ ọjọ́ náà láti inú àpótí yín, kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa gbà ṣe fún un, ìyẹn máa wúlò fún un ju aṣọ lọ. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú dọjọ́ náà, kẹ́ ẹ tètè débẹ̀, kẹ́ ẹ dúró ti àwọn tó ń bu ìrẹsì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jí ẹran.