Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Súẹ́tà Nínú Ooru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Aṣọ ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tó ọdún kan tí ara mi ń wúwo. Mo ń sanra, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi. Bí àwọn tá a jọ ń pàtẹ bá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, súẹ́tà lèmi ń wọ̀. Bàálé mi ní ìwà ọ̀lẹ ni. Dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní T4 mi lọ sílẹ̀, TSH mi sì ga, ó kọ oògùn fún mi. Báwo lọ̀kan ṣe máa ga tí èkejì á lọ sílẹ̀? Àbí wọ́n ṣì í kọ ni? Ṣé kí n jáwọ́ nínú gàrí?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọn ò ṣì í kọ. Họ́mónù ni T4 àti TSH. Iṣẹ́ tí ara ń rán sí ara ni họ́mónù, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ. Táírọ́ìdì, tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun yín, ló ń ṣe T4. T4 ló ń koná mọ́ oúnjẹ tá a jẹ. Bí kò bá tó, ẹyín iná kéré lábẹ́ ìkòkò nìyẹn: òtútù á máa múni, ara á wúwo, ìgbẹ́ á le, ọkàn á máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́.

Abẹ́ ọpọlọ ni TSH ti ń wá, láti ara ohun kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ń pe táírọ́ìdì síṣẹ́ ni. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe ń pe Táíwò. Ti àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́ ni. Bí kò bá dáhùn, ohùn yín á ròkè. Tó bá fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ojúlé kẹta á ti gbọ́. TSH tó ga, ohùn tó ròkè ni. Táíwò ni kò dáhùn.

Ìyá tó bí mi ní gẹ̀gẹ̀. Bó bá ń lọ òde, ìborùn ló fi ń bò ó. Àwọn ará ilé ní wọ́n sà sí i ni. Ìgbà tí mo kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ̀ pé ayodíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣe T4, ni kò tó nínú oúnjẹ wa. Ayodíìnì mẹ́rin ló wà nínú T4 kan, ibẹ̀ ni 4 yẹn ti wá. Bí táírọ́ìdì ò bá rí i lò, tí TSH sì ń pariwo mọ́ ọn, ńṣe ló ń wú. Ọdún 1993 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayodíìnì sí iyọ̀ ní Nàìjíríà.

Gàrí tó kan dáadáa, tí wọ́n yan gbẹ, ẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ni kẹ́ ẹ sá fún. Májèlé inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ayodíìnì ráyè wọ táírọ́ìdì.

Oògùn yẹn, T4 gan-an ni. Ẹ fi omi lásán lò ó láàárọ̀ kùtù, ó kéré tán ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó mu ẹ̀kọ. Bẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára tàbí ti kálísíọ̀mù, ẹ jẹ́ kí wákàtí 4 wà láàárín wọn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí pé ara yá. Kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta, torí náà ẹ má tíì fi súẹ́tà yẹn ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí wọ́n bá tún gba ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, TSH ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.