"Bronze ni, kì í ṣe idẹ": ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan fẹ́ ta ère orí Ifẹ̀ kan fún mi ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà. Ó ní bronze pọ́ńbélé ni, kì í ṣe idẹ, pé patina wà lára ẹ̀, lost-wax sì ni wọ́n fi ṣe é, torí náà oríjínà ni. Mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ yìí, ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má rà á. Mo mọ̀ pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lo béèrè, màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá owó ẹ padà sápò ná, torí irú lẹ́tà yìí ti sú mi, bí ọ̀kan ṣe ń lọ lòmíì ń dé, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì fi ń mú gbogbo yín: bronze ni, kì í ṣe idẹ.

Gbọ́ dáadáa. Bàbà tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ tin, irú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Jos, ìyẹn ni bronze. Bàbà tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ zinc, ìyẹn ni idẹ. Àwọn orí tí wọ́n bá pàdé nílẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ àtikọ́lé, àtàwọn ère tó jáde ní Ìta Yemòó ní 1957, wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò ní lábù, idẹ tó ní òjé nínú ló pọ̀ jù, àwọn míì sì jẹ́ bàbà tí àdàlù inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, bàbà ni. Bàbà lásán sì nira láti dà ju idẹ lọ, iná tó fẹ́ pọ̀, kì í sì í ṣàn dáadáa, ẹni tó dà á débi tójú fi jọ ojú èèyàn alààyè, iṣẹ́ yé e kọjá ohun tẹ́nu lè sọ.

Ṣé o rí i báyìí? Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fẹ́ tà á fún ẹ yẹn fi ń polówó ọjà ẹ̀ gan-an ló ń tú u fó. Tó bá jẹ́ bronze lóòótọ́, ìyẹn á tún jẹ́ kí n fura sí i pé kì í ṣe Ifẹ̀ àtijọ́ ló ti wá. Ọ̀kan lára ibi tí bronze gidi wà nílẹ̀ wa ni Igbo-Ukwu, tiwọn ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Kódà àwọn ti Benin táwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, tí gbogbo ayé ń pè ní Benin Bronzes, idẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn òyìnbó máa ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá fi bàbà àti àdàlù ẹ̀ dà ní bronze, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, orúkọ yẹn ò sọ ohun tó wà nínú irin náà. Ó ń dùn mí pé àwa tá a ní idẹ, tá a ní bàbà, tá a ní òjé, tá a mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra látayé baba wa, tá a fi idẹ dá Ọ̀ṣun lọ́lá, tá a fi idẹ dà ẹdan Ògbóni, àwa náà là ń sọ lónìí pé "idẹ lásán ni".

Patina ni àwọ̀ tó máa ń bo ojú irin tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà, lára idẹ ó lè dúdú, ó lè rí bí ewé. Kò sọ ọjọ́ orí. Áásìdì àti iyọ̀ á ṣe é láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn míì á rì í mọ́lẹ̀.

Lost-wax náà ò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ orí. Wọ́n á fi ìda oyin ya ère lé amọ̀ lórí, wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó, wọ́n á finá sí i kí ìda yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ sáyè ẹ̀, wọ́n á fọ́ amọ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Igun Street ní Benin títí dòní.

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí, amọ̀ sísun tó kù sínú ère ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ lábù. Èmi ò fọwọ́ kan tìẹ, fọ́tò orí fóònù ni mo rí, mi ò lè búra lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n wò ó, tó bá ṣèèṣì jẹ́ oríjínà ńkọ́? Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe kí 1918 tó dé, antiquity ni òfin Nàìjíríà ń pè é, kì í ṣe ohun téèyàn ń rà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣáà ti rí, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èmi kì í ṣe lọ́yà, béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó náwó.

Tó bá wù ẹ́ kí orí Ifẹ̀ wà ní pálọ̀ ẹ, ohun tó dáa ni. Lọ bá àwọn tó ń dà á lónìí, sọ pé tuntun lo fẹ́, san owó tuntun, kó o sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó dà á sínú rìsíìtì.