Fàájì ọ̀rẹ́ ìyàwó pẹ̀lú jùjú ayé ijọ́un

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ wa ń ṣe ìgbéyàwó ní Iléṣà lóṣù Kejìlá. Àwa bíi ogún fẹ́ ṣe fàájì fún un ṣáájú, obìnrin nìkan, ká múra bíi ti àwọn ìyá wa àgbà, ká sì jó sí orin onílù gidi dípò DJ. Ilé kan ní Ìsọ̀nà la fẹ́ lò. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ olórin ni, ẹ̀yin àbúrò mi. Àwọn ọmọge a máa rán aṣọ tán kí wọ́n tó ronú kan orin, lẹ́yìn náà ẹ ó rí gèlè ọdún 1960 níwájú ẹgbẹ́ tó ń kọ fújì.

Èmi ò ní jìnnà sílé. I.K. Dairo, tó mú àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀. Ọdún 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1963 wọ́n fi MBE, oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá a lọ́lá. Ẹ mú sáà yẹn nìkan, kẹ́ ẹ má da ọdún pọ̀. Olórin tó bá ní kò sórin tóun ò mọ̀, ẹ ní kó kọ mẹ́ta létí yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ogún èèyàn kò nílò ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Onígìtá, onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè méjì ti tó. Bẹ́ ẹ bá rí alákọ́díọ̀nù, ẹ fi kún un, àmọ́ wọ́n ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sẹ́yìn ilé, torí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn gìtá.

Owó ló gba sùúrù jù. Oríkì ni olórin wa fi ń wá owó: á pe bàbá yín, á pe àfẹ́sọ́nà yín, títí ẹ ó fi tọwọ́ bàpò. Tó bá ki ogún èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú láìjó. Nítorí náà, ẹ san iye tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn láìwo owó ojú agbo, kẹ́ ẹ ní kó ki ìyàwó nìkan. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: wákàtí mélòó, èèyàn mélòó. Ẹ san ìdajì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì bọ́ wọn kí wọ́n tó lùlù. Náírà nínà lójú agbo, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ta olórin lọ́rẹ, kó fi sínú àpòòwé.

Ní ti aṣọ, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ṣebí Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn, ni yín? Àpótí àwọn ìyá àgbà kò lè ṣófo. Ìró àti bùbá òléku ló bá ọjọ́ náà mu, kẹ́ ẹ sì fi òwú kó irun. Òfì tàbí léèsì tó bá ń rùn kánfọ̀, ẹ sá a síbòji fọ́jọ́ méjì-mẹ́ta. Ẹ má fomi kan òfì. Èyí tó bá ti gbó, ìborùn ni kẹ́ ẹ fi ṣe, torí ijó á fà á ya.

Ẹ pe ìyá kan tó jó jùjú náà nígbà ọmọge rẹ̀ kó wá fẹsẹ̀ rẹ̀ hàn yín, torí ijó pẹ̀lẹ́ ni, kì í ṣe fífò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1965 ti tó ọgọ́rin, ẹ fún un ní àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì.

Oúnjẹ? Iyán, kí ló tún kù? Àmọ́ ẹ̀yìn ijó ni kẹ́ ẹ gbé e wá.

Ẹ má fi sí alẹ́ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la; ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú dára, láago mẹ́rin sí mẹ́sàn-án. Oṣù Kejìlá náà ni Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà, ọdún ìbílẹ̀ Iléṣà, àwọn onílù kì í ráyè nígbà náà. Kẹ́ ẹ ti bá olórin sọ ọ́ kí oṣù Kẹwàá tó wọlé.